Kóòṣì àti Odó Tí Kò Yí Ohùn Padà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé Adébíyìí pàdé ni ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún tí mo parí ìwé mẹ́wàá. Ṣọ́ọ̀bù Ọláoyè onígbàjámọ̀ ní Fájuyì ni a ti pàdé, nígbà tí Ọláoyè ti gẹ ìdajì orí mi tán, tí ìdajì kejì sì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Èmi jókòó sórí àga. Òun kò jókòó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹ orí sí apá kan, ó sì ń wo ọwọ́ Ọláoyè bí ọlọ́pàá ṣe máa ń wo ìwé ọkọ̀ tí ó fura sí.

Ó ní, "Ọláoyè, ìgbọ̀nwọ́ rẹ!"

Ọláoyè ní, "Kí ló ṣe ìgbọ̀nwọ́ mi, sà?"

"Ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ìgbọ̀nwọ́ gbọ́dọ̀ bá èjìká dọ́gba. Láti èjìká ni agbára ti ń wá. Tí ìgbọ̀nwọ́ bá ti relẹ̀ báyẹn, ṣe ni ẹ̀rọ yóò máa jẹ irun bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé."

Ọláoyè ti ń gẹ irun ní Fájuyì kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ẹni tí ó ní ìtẹríba fún àgbà. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Ẹ̀rọ náà sì la ọ̀nà funfun kan tààrà láti etí mi ọ̀tún dé àtàrí.

"Ẹ ò rí nǹkan báyìí, sà!" Ọláoyè figbe ta. "Ẹ ti jẹ́ kí n ba orí ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!"

"Èmi kọ́. Ìwọ lo gbé e sókè jù. Mo ní kó bá èjìká dọ́gba, mi ò ní kó bá etí dọ́gba."

"Ó dáa, ẹ gbà, ẹ fi hàn mí." Ọláoyè na ẹ̀rọ sí i.

Nígbà náà ni ọkùnrin yìí mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn. Báńdéèjì funfun ni wọ́n fi dì í láti àtẹ́lẹwọ́ títí dé agbede méjì apá. Ó wo ọwọ́ náà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tí kì í bá ṣe ti ọrùn ọwọ́ yìí ni, Ọláoyè, ìwọ ni ò bá jókòó, èmi ni ǹ bá máa gẹ̀ ẹ́."

Ọláoyè fá gbogbo orí mi. Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi àgbà, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnìkan kú. Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Áà, o ti pàdé aládùúgbò wa nìyẹn." Ilé ọkùnrin náà ni ó tẹ̀ lé tiwa ní ojú ọ̀nà Ìyìn, ògiri kan ṣoṣo ni ó sì là wá láàárín.

Kóòṣì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mo ti ṣe ìwádìí fínnífínní, n kò sì tíì rí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan tí ó kọ́ rí. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan níhìn-ín ní Adó-Èkìtì ni ó ti ṣiṣẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti máa gbé fáìlì láti yàrá kan lọ sí òmíràn, àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì sọ fún mi pé kì í gbé fáìlì náà fúnra rẹ̀. Ṣe ni ó máa ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó bá gbé e, tí yóò máa júwe bí ó ṣe yẹ kí a di fáìlì mú kí ọrùn má baà wọ́.

Kò sí iṣẹ́ ọwọ́, kò sí eré ìdárayá, kò sí orin tí Kóòṣì kò ní ìmọ̀ràn lórí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò dúró sí etí pápá, yóò máa kígbe mọ́ aṣọ́lé pé kí ó wo ìbàdí ẹni tí ń bọ̀, kí ó má ṣe wo bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé yóò wo ìbàdí, bọ́ọ̀lù yóò sì wọlé. Bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ bá ń ṣe ìdánrawò, yóò jókòó sẹ́yìn, yóò máa sọ fún àwọn ọkùnrin pé ikùn ni a fi ń mí, kì í ṣe àyà. Ọ̀gá akọrin bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kí ó dìde kọ ìlà kan péré kí gbogbo wọn lè gbọ́ bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Ọ̀fun ń dùn ún ní ọjọ́ náà. Ó ti kọ́ àwọn ọlọ́kadà Fájuyì bí a ṣe ń gun òkè láìjẹ́ kí ẹ̀rọ kú, bẹ́ẹ̀ ni òun alára kò gun ọ̀kadà rí àfi kí ẹlòmíràn gbé e.

Èyí tí mo fi ojú ara mi rí ni ti Olúwatóyìn, ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa tí ó ti ṣojú ìpínlẹ̀ wa nínú ìdíje tẹníìsì orí tábìlì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Kóòṣì sọ fún un pé bí ó ṣe di pátákó rẹ̀ mú kò tọ̀nà.

Olúwatóyìn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbá ẹyọ kan fún mi kí n rí i."

"Ọrùn ọwọ́ mi kò jẹ́, ọmọ mi."

"Ọ̀tún nìyẹn, sà. Òsì kò ní báńdéèjì. Èmi náà á fi òsì gbá a."

Kóòṣì wo ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ẹni pé ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní i. Ó sọ pé ẹ̀kọ́ ilé kò gba kí a fi ọwọ́ òsì kọ́ ọmọ ẹni ní nǹkan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, báńdéèjì náà ti wà ní ọwọ́ òsì. Ìyá mi àgbà rí i láti ẹnu ọ̀nà wa, ó kí i, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá àìsàn náà ti ṣí lọ ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí Kóòṣì mọ̀ ọ́n ṣe dé ojú àmì, òun ni dídi báńdéèjì. Yóò fi ọwọ́ kan àti eyín di í, ìpele kọ̀ọ̀kan yóò gorí èkejì bí ìpẹ́ ẹja, kò sì sí èyí tí yóò tú títí di alẹ́. N kò tíì rí nọ́ọ̀sì tí ó lè di irú rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ohun tí ó ṣe ọwọ́ náà.

Ohun kan ni Kóòṣì ń wá láyé tí kò rí, òun ni ipò Bàbá Ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tí ó wà nínú ìjọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ Bàbá Ẹgbẹ́ ni ó máa ń jókòó sí iwájú ní ọjọ́ ìkórè, lórí àga tí wọ́n fi tìmùtìmù pupa sí, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì dìde dúró nígbà tí ó bá wọlé. Láti ìgbà tí Kóòṣì ti fẹ̀yìn tì, kò sí ẹnikẹ́ni tí ó tún ń dìde dúró fún un níbi kankan. Ó fẹ́ àga náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi máa ń tún tìmùtìmù rẹ̀ tò bí ó bá ń kọjá.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì fi àṣà kan lélẹ̀. Ẹni tí a bá fẹ́ fi ṣe Bàbá Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán fún àwọn àgbà ẹgbẹ́, nínú ilé rẹ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó ṣáájú ìkórè. Ẹgbẹ́ ni yóò gbé iṣu wá. Àwọn àgbà yóò jókòó sí pálọ̀, wọn kò ní yọjú wo ẹni tí ń gún un, etí nìkan ni wọn yóò fi máa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọn yóò jẹ ẹ́. Ìyàwó lè se ọbẹ̀, ó lè bẹ iṣu, ó sì lè sè é, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ odó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Kóòṣì ti ń sọ kiri pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́ ní Ìyìn-Èkìtì, àwọn ènìyàn máa ń fi oko sílẹ̀ láti wá gbọ́ ìró odó òun. Ìyá mi àgbà, tí ó jẹ́ ọmọ Ìyìn, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ìyìn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti dàgbà. Mi ò fi oko sílẹ̀ rí."

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Alàgbà Ilésanmí, tí ó jẹ́ Bàbá Ẹgbẹ́, sọ ní ìpàdé pé ó ti rẹ òun, òun fẹ́ fi àga sílẹ̀. Ọláoyè, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́, ni ó ròyìn ìpàdé náà fún mi.

Alàgbà ní, "Ayọ̀rìndé, ìwọ ni ó kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ ń kọ wá lóminú. Tí kò bá tíì san, a ó fún Olúgbénga."

Olúgbénga jẹ́ káfíńtà tí apá rẹ̀ tóbi bí itan ẹlòmíràn. Ó ní, "Èmi ti wà ní sẹpẹ́, sà."

Kóòṣì dìde lójú ẹsẹ̀. Ó tú báńdéèjì rẹ̀ ní ojú gbogbo ìpàdé, ó ká a dáadáa, ó sì fi í sínú àpò.

"Ó ti san," ni ó wí.

"Ìgbà wo?" Alàgbà béèrè.

"Ó ti ń san bọ̀ láti àárọ̀, sà."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ìyá mi àgbà wà ní ẹ̀yìn ilé tiwa, ohùn Kóòṣì àti ti ìyàwó rẹ̀ sì ń gba orí ògiri wá. Olùkọ́ ni ìyàwó náà, Mojísọ́lá ni orúkọ rẹ̀, a máa ń pè é ní Ìyá Dùnmínínú.

Kóòṣì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Mojí, ìwọ gún un fún mi. Ta ni yóò mọ̀? Wọn kò ní yọjú."

"Bàbá Dùnmínínú, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi wọ ilé yìí ni mo ti ń gún iyán, tí ẹ̀yin sì ń dúró tì mí, tí ẹ̀ ń sọ pé kí n gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè. Tó bá jẹ́ èmi ni mo gún ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni kí wọ́n fi jẹ Bàbá Ẹgbẹ́."

"Obìnrin ò lè jẹ Bàbá."

"Kí bàbá lọ gún un nígbà náà."

Ó sì fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó se ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan tí òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Igbemo láti bá àbúrò rẹ̀ fẹ́ ìrẹsì.

Odó ìyá mi àgbà ni Kóòṣì wá yá, nítorí pé tiwọn kéré. Odó ńlá ni, láti Ìyìn ni ìyá mi àgbà ti gbé e wá nígbà tí ó ń lọ sí ilé ọkọ, kò sì sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kankan tí kò jẹ nínú rẹ̀. Èmi ni mo gbé e kọjá. Kóòṣì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ pé, "Orúnkún ni kí o fi gbé e, má fi ẹ̀yìn gbé e!" Ìka ẹsẹ̀ mi ni mo sọ ọ́ lé.

Ní ọ̀sán, àwọn àgbà dé. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú fìlà lórí, wọ́n sì dákẹ́ láti gbọ́. Ọláoyè ni wọ́n ní kí ó máa bu omi fún wọn, òun ni ó sì sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún mi lẹ́yìn náà. Èmi wà ní ẹ̀yìn ilé wa, ìyá mi àgbà ń ṣa ẹ̀wà. Láìpẹ́, odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ẹni tí ó bá ti gbé ní Èkìtì mọ̀ pé iyán a máa sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí iṣu ṣì wà ní ègé, odó a máa dún gbì, gbì. Nígbà tí iṣu bá fọ́ tán, ohùn rẹ̀ a rọ̀. Nígbà tí ó bá wá di ara kan ṣoṣo, a máa fa ọmọ odó mọ́ra, a sì máa dún pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tí ń jáde nínú ẹrẹ̀. Odó Kóòṣì ń dún bùkẹ̀, bùkẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó dún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣì ń dún nígbà tí ìyá mi àgbà ti ṣa ẹ̀wà rẹ̀ tán. Kóòṣì sì ń mí hẹ̀n, hẹ̀n, láti inú ikùn, kì í ṣe láti àyà.

Nínú pálọ̀, àgbà kan ní, "Iṣu yìí mà le o."

Èkejì ní, "Bóyá kò jinná ni."

"Èyí tí kò jinná a máa ta lu ara odó. Èyí kò ta."

Alàgbà Ilésanmí gbé etí sókè. Ó ní, "Láti kékeré ni mo ti ń jẹ iyán. Mi ò gbọ́ iyán tó dúró sójú kan báyìí rí."

Ìyá mi àgbà kò lè fara dà á mọ́. Ó mọ ohùn odó rẹ̀ bí ó ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí ìdí ògiri, ó sì pe ọkùnrin náà.

"Adébíyìí!"

"Ìyá!"

"Kí lò ń gún?"

"Iyán ni, Ìyá. Ẹ óò gba tiyín tó bá yá."

"Uyán wo? Odó mi kì í dún báyìí. Ṣe ló ń dún bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu!"

Kóòṣì ní, "Atẹ́gùn ni, Ìyá. Atẹ́gùn ló ń gbé ohùn rẹ̀ gba ibòmíràn."

Kò sí atẹ́gùn kankan. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa kò mì rárá.

Fèrèsé pálọ̀ wà ní ṣíṣí, àwọn àgbà sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Alàgbà Ilésanmí dìde. Ó sọ pé àṣà kò gbà kí àwọn yọjú láti ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí àṣà tí ó ní kí àgbà má ṣe ran ẹni tí ó ti rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gba ilé ìdáná jáde sí ẹ̀yìn ilé, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Èmi àti ìyá mi àgbà gba ẹnu ọ̀nà kékeré tí ó wà lára ògiri wọlé, nítorí pé odó wa ni, a sì ní ẹ̀tọ́ láti wò ó.

Kóòṣì dúró síwájú odó, ó fi ara bò ó. Òógùn bò ó. Alàgbà gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé e sókè. Odó ṣófo. Aṣọ ìnura kan tí ó ti rẹ sínú omi lọ́ mọ́ ìdí ọmọ odó náà, omi sì ń ṣàn lára rẹ̀ bọ́ sórí bàtà Alàgbà. Alàgbà tú aṣọ náà, ó nà án. Àwòrán Kóòṣì ni ó wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé, Ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì, Kóòṣì wa.

Alàgbà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Ayọ̀rìndé, ṣé àwòrán rẹ ni a fẹ́ jẹ?"

Kóòṣì kò fi bẹ́ẹ̀ jáfara. "Mò ń jẹ́ kí odó náà gbóná ni, sà. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń sáré yí pápá ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ó yẹ kí odó gbóná."

"Iyán náà ńkọ́?"

Ọláoyè ti gbé kúlà kan jáde láti ilé ìdáná. Ó ṣí i. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó funfun tí ó sì ń dán, kò ní kókó kankan, ó dọ́gba bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Alàgbà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó fi ìka náà kan ahọ́n.

"Pòǹdó," ni ó wí.

Àgbà kan ṣí fìlà rẹ̀. Ní Adó-Èkìtì, nínú oṣù tí iṣu pọ̀ ní gbogbo ọjà, ọkùnrin kan ro ìyẹ̀fun inú ọ̀rá fún àwọn àgbà ìjọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n sì ti bá ara wọn parí, ṣùgbọ́n èyí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ẹnìkan ní, "Ẹ jẹ́ ká pe Olúgbénga."

Alàgbà ní, "Ẹ dúró ná. Iṣu tí a gbé wá dà?"

Abẹ́ ibùsùn ni iṣu náà wà, kò sí èyí tí a bẹ nínú rẹ̀.

"Gbé e jáde, kí o bẹ ẹ́, kí o sè é, kí o sì gún un. Níhìn-ín, lójú wa. A ó dúró."

Nígbà tí iṣu fi máa jinná, ìròyìn ti dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Olúwatóyìn gun àpótí, ó yọ orí lórí ògiri. Àwọn akọrin tí wọ́n ń bọ̀ láti ìdánrawò dúró. Aṣọ́lé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá. Kóòṣì da iṣu sínú odó, ó gbé ọmọ odó sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ègé iṣu kan fò jáde, ó bá fìlà àgbà kan.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ìgbọ̀nwọ́, Kóòṣì!" Ọláoyè ni ó kọ́kọ́ kígbe. "Kó bá èjìká dọ́gba!"

"Bí ẹ ṣe dì í mú kò tọ̀nà, sà!" ni Olúwatóyìn wí lórí ògiri.

"Ikùn ni kí ẹ fi mí!" ni àwọn akọrin wí pa pọ̀, ohùn wọn sì bára mu fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún náà.

Aṣọ́lé ní, "Ẹ wo ìbàdí odó, Kóòṣì, ẹ má wo ojú rẹ̀!"

Èmi náà sọ pé kí ó fi orúnkún gbé e. Ìka ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí.

Kóòṣì gún un títí tí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó wo gbogbo wa yí ká. "Ẹ jọ̀ọ́!" ni ó wí. "Ẹ dákẹ́ ẹnu! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń ṣe!"

Gbogbo wa dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwa náà ti ń wá ọ̀nà láti sọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yìí, kò sì sí ẹni tí ó rí ohun tí yóò fi kún un.

Ó tún gbé ọmọ odó. Gbì, gbì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Nígbà tí ó pẹ́, ìyá mi àgbà, tí ó ti di ojú, fi ọwọ́ kàn mí. "Ó ti rọ̀," ni ó wí. Lóòótọ́, ohùn odó náà ti yí padà. N kò sọ pé ó dún pọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ń súnmọ́ ibẹ̀. Kóòṣì náà gbọ́ ọ. Ó ya ẹnu, ó wo inú odó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kí. Ibi tí ó ti ń wò ó ni ọmọ odó ti yọ̀, ó bá etí odó, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yí sí ibi tí kò yẹ kí ó yí sí.

"Yéè! Ọrùn ọwọ́ mi!"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan tí ó gbà á gbọ́.

Àwọn àgbà jẹ iyán náà bí ó ṣe wà, ọbẹ̀ Ìyá Dùnmínínú sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń ṣa kókó rẹ̀ sí etí àwo, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Kóòṣì jókòó ní igun pálọ̀, ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú, ó ń wo etí àwo Alàgbà. Alàgbà jẹun tán, ó fọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ aṣọ tí ó ní àwòrán, nítorí pé òun ni ó wà nítòsí.

"Iyán ni," ni ó wí níkẹyìn. "Iyán tí kò dára ni. Ṣùgbọ́n iyán ni."

"Àga náà ńkọ́, sà?"

"Olúgbénga ni yóò jókòó lé e. Tí o bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn rẹ̀, wá sọ fún wa, a ó tún gbé iṣu wá."

Ní ọjọ́ ìkórè, gbogbo ẹgbẹ́ dìde fún Olúgbénga. Kóòṣì náà dìde. Báńdéèjì wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìpele gorí ìpele, ó dára bí ti àtijọ́. Ọláoyè tẹ̀ sí i létí, ó béèrè bóyá ọ̀tún ni ó kàn ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo ti dé ilé Kóòṣì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà láti gba odó wa, mo sì bá a níbi tí ó ti ń fi eyín di báńdéèjì náà. Mo rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó bò ó. Ó wú, ó sì ti dúdú. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí odó náà wà lọ́dọ̀ òun fún ìgbà díẹ̀ sí i.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó ti di ènìyàn mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo rí i ní Fájuyì níbi tí ó ti ń kọ́ ọkùnrin kan bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ sínú táyà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti san, odó wa sì ṣì wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ní òwúrọ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó máa kọjá, a máa ń gbọ́ ọ. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé òun kì í jáde síbẹ̀, àti pé òun ń jẹ kókó iyán láìsọ nǹkan kan. Ìyá mi àgbà yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò di ojú. "Ó ti fọ́," ni yóò wí. Bí ó bá pẹ́, yóò ní, "Ó ti rọ̀." Lẹ́yìn náà yóò dúró, yóò dúró, yóò sì mi orí. "Kò tíì fà." Kò tíì rán mi láti lọ gba odó náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Ìyìn kọjá ní òwúrọ̀, tí ẹ sì gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yọjú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gún un. Ẹ máa kọjá lọ.